Àpótí Ìmọ̀: Dróònù Lókè, Ẹran Nínú Omi

Ẹni tó dúró létí ọ̀sà ní Ìgbògbò, ẹ̀yìn ẹran tó bá yọ lójú omi nìkan ló lè rí. Dróònù ń rí gbogbo ara, bí omi bá mọ́ gaara. Lọ́dún 2021, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Weiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde fídíò ìṣẹ́jú 651 jáde, èyí tí dróònù yà fún ọjọ́ 10, nípa orca, ẹranko afọ́mọlọ́mú inú òkun Pàsífíìkì. Ó wú mi lórí gan-an: àwọn orca náà ń fara kan ara wọn, wọ́n jọ ń yọrí mí, ẹgbẹ́ sì ń wá ẹgbẹ́, ọmọdé pẹ̀lú ọmọdé, abo pẹ̀lú abo.

Omi ọ̀sà tiwa kò mọ́ gaara bẹ́ẹ̀. Manatee, ẹranko afọ́mọlọ́mú mìíràn tó ń gbé Ọ̀sà Lẹkí lápá Ẹ̀pẹ́, imú lásán ló sábà máa ń yọ síta láti mí. Níbẹ̀, kíka imú ni iṣẹ́ dróònù, àti wíwo ìyá tí ọmọ ń tẹ̀ lé láàárín koríko omi.