Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti Iṣẹ́ Tí Owó Rẹ̀ Kò Tó

  

 Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn àsálátù ju inú àsálátù lọ. Bí a bá ti ń wọ bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí ni ẹnì kan yóò ti máa sọ pé ó ti pé ọdún mẹ́ta tí òun ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé aládàáni, owó oṣù òun kò sì kúrò lójú kan. Ẹlòmíràn ń ta epo ní ilé epo láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òmíràn ń di omi sínú ọ̀rá ní fákítìrì, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un. Ọjọ́ tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ṣiṣẹ́, kò sí owó. Arábìnrin tí ó ń bá èèyàn ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kì í rí ìjókòó láti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ń san ₦40,000 fún ọ̀dọ́ kan lóṣù, tí ó sì ń wọ ọkọ̀ ₦1,200 ní àlọ àti àbọ̀, ní ọjọ́ 22 tí ó fi ṣiṣẹ́, ₦26,400 ti bá ọkọ̀ lọ. Ó ku ₦13,600. Nínú rẹ̀ ni yóò ti jẹun, tí yóò ti ra ọṣẹ, tí yóò ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ fún irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ pé kí ó ṣe sùúrù, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí.

Ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Àwọn àgbà ń wí pé arísìkí ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ sí ibi tí ó wà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń wí pé ọ̀gá ń rẹ́ wa jẹ, kí àwa náà wá ọgbọ́n ti ara wa. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ìrora gidi sì wà nínú ti àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà nínú Alùkùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé tí kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì wọlé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn.

Ànábì Mûsá ní Madyan

Kí ẹ ṣí Súrà Qasas, Súrà 28, láti ẹsẹ 22 dé 29, kí ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ààfin Fir'aona ni wọ́n ti tọ́ Ànábì Mûsá dàgbà. Nígbà tí ó sá kúrò ní Íjíbítì nítorí pé wọ́n fẹ́ pa á, kò ní ilé, kò ní iṣẹ́, kò sì mọ ẹnì kankan ní ibi tí ó ń lọ. Ó dé ibi omi Madyan, ó bá àwọn darandaran tí wọ́n ń fún ẹran wọn lómi, ó sì rí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n dá ẹran tiwọn dúró sẹ́yìn. Ó bá wọn fún ẹran náà lómi, kò bèèrè owó. Lẹ́yìn náà ni ó padà sábẹ́ ibòòji, tí ó sọ àìní rẹ̀ fún Ọlọ́hun.

Ẹ kíyèsí bí iṣẹ́ náà ṣe wá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó gba ọkùnrin yìí síṣẹ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Ohun méjì péré. Ẹni tí ó lágbára tí kò ṣeé fọkàn tán, ewu ni nínú ilé. Ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán tí kò mọ iṣẹ́, a ó máa ṣàánú rẹ̀ ni, a kò ní í fi ọjà lé e lọ́wọ́. (Alùkùráánì kò dárúkọ bàbá náà. Ọ̀pọ̀ àáfà wa ń sọ pé Ànábì Ṣuaíbù ni, àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn di àríyànjiyàn ní ìpàdé yín.)

Bàbá yìí kò sọ fún un pé kí ó máa bọ̀ ná, pé àwọn yóò jọ rí i bí yóò ṣe rí. Ó dá iye ọdún: mẹ́jọ, bí Mûsá bá sì fẹ́ pé e sí mẹ́wàá, oore ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó sọ ohun tí Mûsá yóò rí gbà, ìyẹn ni ìgbéyàwó pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó tún jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun kò fẹ́ ni ín lára. Mûsá náà kò dákẹ́. Ó sọ pé èyíkéyìí tí òun bá parí nínú iye ọdún méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àbòsí kan òun, ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Ọmọ tí ó jẹun ní ààfin wá ń da ẹran. Ibn Abbas, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ pé èyí tí ó gùn jù nínú méjèèjì ni ó lò. Nígbà tí ó sì pé, ó kó ará ilé rẹ̀, ó lọ. Kò ní nítorí pé Madyan ni wọ́n ti ṣe òun lóore, òun yóò máa da ẹran níbẹ̀ títí ayé. Ojú ọ̀nà ìrìn àjò yẹn gan-an ni Ọlọ́hun ti pè é sí iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ.

Àdéhùn wa ń kọ́?

Àdéhùn tí ó yé tọ̀túntòsì ni ìpìlẹ̀ ìtàn yẹn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ti wọ́ láti ọjọ́ kìíní. Ní Nàìjíríà, òfin tí a ń pè ní Labour Act sọ pé láàárín oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fún un ní ìwé tí yóò sọ irú iṣẹ́ náà, iye owó àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà wà fún. Àwọn mélòó nínú wa ni ó ti béèrè ìwé yìí rí?

Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000, láti ₦30,000 tí ó ti wà láti ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n tọ ọ̀gá wọn lọ, ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín. Kí ẹ mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá. Òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ó yọ àwọn tí wọ́n ń gba owó ní iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, àti àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwé tí ó ní òṣìṣẹ́ 40 tí wọ́n ń wá lójoojúmọ́ wà nínú rẹ̀. Kí a tó bínú sí ẹnikẹ́ni, kí a ka iye orí.

Owó tí kì í ṣe tiwa

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù nìyí, a kò sì ní í fi bò. Ọmọ ilé epo mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo láìjẹ́ kí mítà padà sí òdo. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀gá ní kí ó ta aṣọ ní ₦9,000 tà á ní ₦10,500, ó sì ki ₦1,500 bọ àpò. Olùkọ́ ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó fún un ní máàkì. Bí a bá bi wọ́n, ìdáhùn kan náà ni: owó tí wọ́n ń san kò tó.

A gbà pé kò tó. Ṣùgbọ́n ta ni a wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ní ilé epo yẹn, ọ̀gá kò pàdánù nǹkan kan. Ọlọ́kadà tí ó ra epo lítà méjì ni ó san án, ó sì ṣeé ṣe kí tirẹ̀ le ju tiwa lọ. Ní ti ₦1,500 orí aṣọ, ẹni tí ó ni ọjà ni ó ni èrè, àyàfi bí wọ́n bá ti jọ ṣàdéhùn pé ohun tí ó bá lé jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà. Ibn Abbas tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò rí aburú nínú rẹ̀. Ẹ lọ bá ọ̀gá sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn mìíràn yóò gbà, nítorí pé ọjà wọn yóò yá.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, da ẹran fún àwọn ará Mẹ́kà fún owó kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún àwọn sàábé, kò fi ṣe ohun ìtìjú. Nígbà tí ó tó ẹni ọdún 25, ó gbé ọjà Khadija lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Òkìkí òtítọ́ rẹ̀ ni Khadija gbọ́ tí ó fi ránṣẹ́ pè é, àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sì sọ pé ohun tí ó fi lọ̀ ọ́ ju èyí tí ó ń fún àwọn mìíràn lọ. Láyé òde òní náà, ẹnu ẹlòmíràn ni iṣẹ́ tí ó sàn sábà máa ń gbà wá. Oníbàárà tí ẹ kò rẹ́ jẹ lè dárúkọ yín fún ẹni tí ó ń wá olùtọ́jú owó. Bí kò bá sì dárúkọ yín, owó tí ẹ gbé lọ sílé jẹ́ hàláàlì.

A kò lè kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọ iṣẹ́ nìkan, nítorí pé àwọn ọ̀gá wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ṣe rí: àwọn ilé ìwé Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n ń jẹ olùkọ́ ní owó oṣù mẹ́ta, bí olùkọ́ bá sì béèrè, wọ́n á ní kí ó kà á sí iṣẹ́ fí sàbílílláhì. Olùkọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ tirẹ̀ bí ó bá wù ú. Ọ̀gá tí ó ti gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ òbí kò ní ẹnu láti bá a sọ ọ́. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì san owó rẹ̀, wà nínú àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ẹ sì rántí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí àpáta dí mọ́ inú ihò. Òṣìṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn lọ láìgba owó, ọ̀gá fi owó náà ṣòwò títí ó fi di agbo ẹran, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún un nígbà tí ó padà wá. Àwọn ọ̀gá tí ń ka ìwé ìròyìn wa kò ní láti ṣe tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà san án ní ìparí oṣù.

Wíwá èyí tí ó sàn

Nígbà tí Abdur-Rahman ọmọ Awf dé Mọ̀dínà ní ọwọ́ òfo, Sa'd ọmọ Rabi' fẹ́ pín dúkìá rẹ̀ sí méjì fún un. Ó ṣàdúà fún Sa'd, ó sì ní kí wọ́n fi ọjà han òun. Wàràkàṣì àti bọ́tà ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Sùúrù rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti béèrè ọ̀nà.

Ọ̀dọ́ tí ó wà ní ibi iṣẹ́ kékeré, kí ó wo ohun tí ó lè kọ́ níbẹ̀ kí ó tó kúrò. Ní fákítìrì omi yẹn, ta ni ó ń tún máṣìnnì ṣe bí ó bá bàjẹ́? Kí ọmọ tí ń di omi dúró tì í, kí ó máa bá a mú sípánà. Ọmọ ilé epo tí ó mọ ìṣirò, kí ó bẹ mánéjà kí ó jẹ́ kí òun máa bá a kọ ìwé ọjà. Ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ iná, irin jíjó tàbí aṣọ rírán ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé ẹ̀rí, ìdánwò tí a ń pè ní trade test wà fún un, láti ìpele kẹta dé ìpele kìíní. NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ń ṣe ìdánwò fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni NDE, tí ó ti wà láti ọdún 1986, ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ láti kọ́ṣẹ́. A kò sọ pé wọn yóò pè yín ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ lọ.

Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín wá iṣẹ́ ìjọba, ẹ sá fún un. Arábìnrin tí wọ́n bá ní kí ó wá sí òtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì láti wá dáhùn ìbéèrè iṣẹ́, kí ó má lọ. Ibi tí kò bá sì mọ̀, kí ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Ọ̀rọ̀ híjáàbù àti ìrun Jímọ̀, kí ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbà yín, kí ó má di ìjà ní oṣù kejì.

Bí a ṣe ń kúrò

Àwọn kan nínú wa ń gba owó oṣù ní ọjọ́ Ẹtì, wọn kì í padà ní ọjọ́ Ajé, wọ́n á sì pa fóònù. Bí ìwé àdéhùn kò bá ti sọ nǹkan mìíràn, òfin iṣẹ́ ti sọ iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ tàbí ọ̀gá yóò fi sọ fún ara wọn ṣáájú. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan ni. Tí ó bá ti ju oṣù mẹ́ta, tí kò sì tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí dé ibi tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Èyí tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, kíkọ ni kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín. Kọ́kọ́rọ́, ìwé owó àti orúkọ àwọn oníbàárà tí ó jẹ gbèsè, ẹ kà wọ́n fún ọ̀gá níwájú ẹlẹ́rìí.

Ní àsálátù ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ẹni tí ó bá ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ mú un dání. Ẹni tí kò ní, kí ó kọ gbogbo ohun tí ọ̀gá fi ẹnu sọ fún un ní ọjọ́ kìíní sórí tákàdà. A ó kà wọ́n papọ̀, pẹ̀lú Súrà Qasas, ẹsẹ 27 àti 28.