"Òòfà" nínú Ìtàn-àròsọ Sáyẹ́ǹsì: Ọ̀rọ̀ Kan fún Ohun Méjì

Nínú èdè Yorùbá, "òòfà" ni irin tí ń fa irin mọ́ra. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn olùkọ́ ń lò fún agbára tí ń fa ohun gbogbo wálẹ̀. Nínú kíláàsì, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìpalára. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn-àròsọ tí àwọn ènìyàn ti sọ pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì di ibùgbé, ó lè ba ìtàn jẹ́: òǹkàwé yóò rò pé bí wọ́n bá ri irin òòfà ńlá mọ́ ilẹ̀, ìwúwo gbogbo nǹkan yóò pọ̀ sí i.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ohun tí ó wà nínú pílánẹ́ẹ̀tì, àti bí ojú ilẹ̀ rẹ̀ ti jìnnà sí àárín gbùngbùn rẹ̀ tó, ni ó ń pinnu agbára náà. Òǹkọ̀wé lè kó afẹ́fẹ́, omi àti igi wọ Máàsì. Ìfàwálẹ̀ ibẹ̀ yóò ṣì jẹ́ nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Kim Stanley Robinson kò yí i padà nínú Red Mars (1992), ó sì ṣe dáadáa.

Kí ògbufọ̀ fi ọkàn gbé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lọ sí Máàsì. Ẹja oníkílò 10 yóò fi nǹkan bí 3.8 hàn lórí òṣùwọ̀n onísípíríǹgì tí wọ́n gbé ti ìhín lọ. Lórí òṣùwọ̀n aláwo méjì, 10 náà ni, nítorí òkúta ìwọ̀n pẹ̀lú ti fúyẹ́ bákan náà. Ẹja kò dín kù. Iye ènìyàn tí yóò yó kò yí padà. Ọlọ́jà tí ó bá fi sípíríǹgì tà á ti pàdánù! Nítorí náà, "ìwúwo" ni kí ó jẹ́ bí ilẹ̀ ṣe ń fa ẹja tó, kí "àkójọ-ohun" sì jẹ́ iye ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ti èkejì ni kílò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwúwo ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọkọ̀ apẹja ni ó rọrùn jù láti ṣì kọ. Ènìyàn lè rò pé yóò léfòó ga ju ti orí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n omi tí ó gbé e náà ti fúyẹ́ dé ìwọ̀n kan náà. Ibi tí omi ń dé lára ọkọ̀ níhìn-ín ni yóò dé lọ́hùn-ún. Ìgbì ni yóò máa rìn jẹ́jẹ́. Àgbọn tí ó já láti orí igi oní-mítà 10, tí ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1.4 kí ó tó balẹ̀ níhìn-ín, yóò lo 2.3.

Fún agbára yìí, "òòfà-ilẹ̀" ni ó dára jù, kí "òòfà-irin" sì wà fún ti irin. "Òòfà-ayé" kò lè rìn ìrìn-àjò yìí: "òòfà-ayé Máàsì" ta ko ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí ẹsẹ̀ bá lè tẹ̀ ni ilẹ̀ wà.