Nínájà Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Òfuurufú Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Èrè àti Ewu Rẹ̀

Nígbà tí Priceline bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń dá iye tó fẹ́ san fún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Èrè ibẹ̀ ni ẹ̀dínwó: àga tó bá ṣófo títí ọkọ̀ fi gbéra, òfò ni fún ilé-iṣẹ́. Ewu rẹ̀ ni pé oníbàárà ti fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀ kó tó mọ aago tí yóò gbéra. Bí wọ́n bá ti gbà, kò sí ìdápadà owó. Lọ́jà wa náà, bí ìyálọ́jà bá gba iye tí a ná, ó yẹ ká rà. Ṣùgbọ́n ojú wa ti rí ọjà náà. Lójú tèmi, ẹni tí kò kánjú ni irú èyí wà fún. Bí ìdánwò bá ń dúró dè mí, n ó san owó pípé, kí n lè mọ aago mi.