ARÀN INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ: BÍ Ó ṢE Ń TÀN KÁLẸ̀ ÀTI BÍ A ṢE LÈ LÉ E JÁDE



 Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti àlùwàlá tàbí ti sáká. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tí ó bá rò pé kò kan òun, kí ó rántí ibi tí ìwé ẹgbẹ́ wà lónìí: orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, owó oṣooṣù, àkọsílẹ̀ yìgì, àti ti àwọn òkú wa tí a sin sí Òkè Ọya níbí, tí ilé baba wọn jìnnà. Gbogbo rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé ńláńlá ìjọ́sí, ó ti wọ inú ẹ̀rọ. Àmáánà ni. Ohun tí ó sì lè jẹ ẹ́ run kì í ṣe ikán mọ́.

Kí ni aràn kọ̀ǹpútà?

Fáírọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ síra. Fáírọ́ọ̀sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara fáìlì mìíràn bí àfòmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi. Aràn ní tirẹ̀ dá dúró. Ètò kan ni fúnra rẹ̀. A máa ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, a sì máa wá ọ̀nà tí ẹ̀dà náà yóò fi dé inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí ó rọrùn fún un jù ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pín fáìlì fún ara wọn.

Ní ọdún 1999 ni Napster jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ní orin nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò ṣí fódà kan sílẹ̀, ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn yóò sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí ó ni orin pè é lẹ́jọ́, ó sì dákẹ́ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2001. (Ẹ má gbàgbé pé orin olórin ni wọ́n ń pín láìgba àṣẹ, ìyẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.) Napster ṣì ní ibi kan tí wọ́n ń kọ gbogbo orúkọ fáìlì sí. Gnutella, tí ó jáde ní ọdún 2000, kò ní irú ibẹ̀ rárá. KaZaA sì tẹ̀lé e ní 2001.

Ẹ fojú inú wo ọjà tí kò ní ìyálọ́jà, tí kò ní ìsọ̀, tí oníkálukú pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìwọ yóò kígbe pé, “Ta ló ní ẹ̀wà?” Àwọn tí ó ní in yóò dáhùn. Kò sí ẹnì kankan tí yóò yẹ ohun tí wọ́n gbé jáde wò.

Ní oṣù kejì ọdún 2001 ni aràn kan tí wọ́n ń pè ní Mandragore bọ́ sínú ọjà yìí, nínú Gnutella. O kígbe ẹ̀wà, ó ní òun ní ẹ̀wà. Ẹlòmíràn kígbe bàtà, ó ní òun ní bàtà. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá kọ láti fi wá nǹkan ni aràn náà yóò fi ṣe orúkọ ara rẹ̀, yóò wá fi .exe sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan tú u fó: ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà, báìtì 8,192 ni nígbà gbogbo. Orin MP3 kan ṣoṣo máa ń tó mílíọ̀nù mẹ́ta báìtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin wo ni yóò wá kéré tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá wo ìwọ̀n kí ó tó mú un, bọ́.

Benjamin

Èyí tí ó wọ inú KaZaA ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, tí wọ́n pè ní Benjamin, gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ó máa ń fi pàǹtírí kún ìdí ẹ̀dà rẹ̀ kí ìwọ̀n wọn má baà dọ́gba.

Ẹni tí ó bá gbà á, tí ó tẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣí, yóò rí ọ̀rọ̀ kan lójú ẹ̀rọ pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀, pé bóyá fáìlì náà ti bàjẹ́. Irọ́ ni. Ẹni náà yóò pòṣé, yóò lọ wá orin mìíràn. Nígbà náà, aràn ti ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sínú fódà System ti Windows, ó ti sọ ọ́ ní EXPLORER.SCR kí ó lè jọ ọmọ ilé. Ó tún ti kọ orúkọ yìí sínú Registry, ìyẹn ibi tí Windows ti máa ń wo àwọn ètò tí yóò jí nígbàkígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò dá fódà kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Sys32 nínú fódà Temp, yóò kó ẹ̀dà ara rẹ̀ rẹpẹtẹ sí i, yóò fún wọn ní orúkọ orin, orúkọ fíìmù àti ti eré kọ̀ǹpútà, yóò sì pàṣẹ fún KaZaA pé fódà yìí ni kí ó pàtẹ fún aráyé. Bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ṣe di ẹni tí ń rẹ́ ẹlòmíràn jẹ nìyẹn, tí kò sì mọ̀. Aràn yìí kò jí owó, kò sì pa ìwé ẹnikẹ́ni rẹ́. Àyè inú ẹ̀rọ ni ó ń jẹ, ó sì ń ṣí ojú-ìwé ìpolówó kan. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní àánú bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó ran Mandragore àti Benjamin lọ́wọ́? Orúkọ. Windows máa ń fi ìdí orúkọ fáìlì pamọ́ títí di òní, bí a kò bá sọ fún un pé kí ó fi hàn. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ waasi.mp3.exe, waasi.mp3 ni ìwọ yóò rí. Nínú Windows 10, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, kí ẹ sì yan File name extensions; ti Windows 11 wà lábẹ́ View, ní Show. Bí ohun tí a pè ní orin tàbí ìwé bá parí sí .exe, .scr, .bat tàbí .vbs, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ìbáà jẹ́ àáfà yín ni ó fi ránṣẹ́. Lórí fóònù, .apk ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Sūratu 'l-Hujurāt, āyà kẹfà, ti kọ́ wa láti wádìí ìròyìn kí a tó lò ó; orúkọ fáìlì náà, ìròyìn ni.

Bí a ṣe ń lé e jáde

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n wá fáìlì náà kí wọ́n pa á rẹ́. Windows yóò kọ̀, nítorí fáìlì tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣeé parẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ gbà, aràn tí ó wà nínú iranti ẹ̀rọ lè kọ òmíràn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lára àwọn ẹ̀rọ yòókù, kí ó má baà máa pín in lọ. Ẹ wá tan ẹ̀rọ ní Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí ìwọ̀nba ètò tí kò lè ṣe aláìní. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti yọ orúkọ aràn kúrò nínú Registry. Kí ẹni tí kò mọ Registry má fọwọ́ kàn án o. Ẹni tí ó sì mọ̀ ọ́n, kí ó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó pa fáìlì rẹ́, àti fódà tí ó ń pàtẹ. Ẹni tí ó bá pa EXPLORER.SCR rẹ́ tí ó fi Sys32 sílẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Lónìí, Microsoft Defender lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ bí a bá lo Offline scan rẹ̀, nítorí ó máa ń yẹ ẹ̀rọ wò kí Windows tó jí.

Ẹ má sì gbàgbé ihò tí ó gbà wọlé. Conficker kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò náà jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2008. Aràn náà yọ ní oṣù kọkànlá, ó sì wọ ẹ̀rọ tí ó tó mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀, nítorí pé àwọn tí ó ni wọ́n kò gba àtúnṣe. Ó ń méfò pásíwọ́ọ̀dù àwọn fódà tí ọ́fíìsì ń pín láàárín ara wọn, ó ń gun orí fláàṣì, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gba oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba oògùn sílẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le.

Fláàṣì ni ti wa jù ní ẹgbẹ́ yìí: láti ọwọ́ akápò dé ọwọ́ akọ̀wé, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń bá wa tẹ̀wé. Bí ẹ bá ṣí i, tí gbogbo fódà ti di shortcut, ẹ má tẹ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìwé ti sọnù, kí ẹ san owó ńlá fún un. Aràn kan ni ó fi wọ́n pamọ́. Lórí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí. Bí lẹ́tà fláàṣì yín kì í bá ṣe E, ẹ pààrọ̀ rẹ̀:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Àwọn fódà yín yóò padà yọ. Ẹ kó ìwé nìkan kúrò níbẹ̀, ẹ má kó shortcut tàbí fáìlì tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ wá format fláàṣì náà kí ó tó padà sọ́wọ́ akápò.