Híhun Tọ́ọ̀pù Ìgbà Ooru Pẹ̀lú Abẹ́rẹ́ Kúróṣè

Iṣẹ́: Iṣẹ́ ọwọ́
Kíláàsì: SS 1
Àkókò: Ìṣẹ́jú 80 (pírọ́ọ̀dù méjì)
Ohun èlò: abẹ́rẹ́ kúróṣè 4 mm, òwú kọ́tìn, téèpù, sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ olójú ńlá, ìwé àti gègé

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè yan òwú tó bá oòrùn mu, yóò lè hun ègé ìdánwò, yóò sì lè fi ègé náà ṣírò iye ojú tí tọ́ọ̀pù tirẹ̀ yóò gbà. Kì í ṣe tọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ rẹ̀ o. Tirẹ̀.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Púpọ̀ nínú yín ti hun fìlà tàbí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ìkókó nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ta ojóbó, ẹ sì mọ ẹ̀wọ̀n. Ohun tí fìlà kò kọ́ yín ni ìṣirò, torí fìlà a máa nà: bó fẹ̀ díẹ̀, bó fún díẹ̀, orí á gbà á. Èjìká àti àyà kì í gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí là ń pè ní kúróṣè?

Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Ìkọ́ kékeré ló túmọ̀ sí, ìkọ́ tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n sì wò tí wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà lórúkọ. Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe nítìn, gbogbo ojú ìlà kan a sì tò sórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti kúróṣè, ẹyọ ojú kan ṣoṣo ló sábà máa ń kù lórí abẹ́rẹ́ bí a bá parí ojú kan. Bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ lọ́wọ́ yín nínú mọ́tò, ojú kan péré lẹ ó wá.

Nígbà ìyàn ńlá tó mú àwọn ará Áyálándì láti 1845 sí 1852, tí ànàmọ́ òyìnbó jẹrà sínú ilẹ̀, kúróṣè wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi bọ́ ilé wọn. Ní 1847, ìyàwó àlùfáà kan, Cassandra Hand, mú iṣẹ́ náà wọ ìlú Clones, léèsì tí wọ́n ń hun níbẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń tà káàkiri. Ẹ̀rọ wà tó ń hun nítìn, ṣùgbọ́n kúróṣè gidi, ọwọ́ ènìyàn ṣì ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí tọ́ọ̀pù kúróṣè tí owó rẹ̀ kéré jọjọ, ẹ rántí pé ẹnìkan ló jókòó hun ún, kí ẹ wá ro iye tí wọ́n máa san fún un.

Òwú wo la ó lò?

Ohun tí gbogbo wa ń pè ní wúùlù lọ́jà, púpọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irun àgùntàn rárá. Ákírílíìkì ni, òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe nílé iṣẹ́. Ó pọ̀, kò wọ́n, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣá, ó sì dára fún fìlà. Ṣùgbọ́n kì í fa òógùn. Ẹ wọ tọ́ọ̀pù ákírílíìkì rìn ní ọ̀sán oṣù kejì, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ.

Kọ́tìn ni kí ẹ rà. Ó ń fa òógùn, afẹ́fẹ́ ń gba inú ojú rẹ̀ wọlé. Àléébù tirẹ̀ ni pé ó wúwo, kì í sì í fà padà bó bá ti nà. Ẹ má ṣe sá a sórí okùn láéláé. Omi inú rẹ̀ á fà á wálẹ̀, tọ́ọ̀pù á di gáùn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura kó gbẹ níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ nípa ìwé àpẹẹrẹ

Ohun tí ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet ni ará Britain ń pè ní double crochet. Èyí tí ará Amẹ́ríkà sì ń pè ní double crochet, treble ni ní Britain. Kí ẹ tó ta ojóbó, ẹ wo ibi tí ìwé náà ti wá. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, mo yẹra fún ìjà wọn: ojú kúkúrú àti ojú gígùn ni mo ń pè é. Ojú kúkúrú ni single crochet ti Amẹ́ríkà, ojú gígùn ni double crochet wọn.

Nǹkan kejì: “summer” inú ìwé wọn, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni. Òjò là ń sá fún nílé wa nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ tirẹ̀ nígbà ooru, kó bẹ̀rẹ̀ sí hun nígbà ọyẹ́.

Ègé ìdánwò

Ibí ni kí ẹ fi gègé pupa fàlà sí. Tọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí mo hun láyé mi, iye ojú tó wà nínú ìwé ni mo kà, láìdín láìlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi hun ún. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, èmi àti àbúrò mi lè jọ wọ inú rẹ̀. Ìwé kò purọ́ o. Ọwọ́ ẹni tó kọ ìwé náà ló le, tèmi sì rọ̀. Ìka kò dọ́gba. Ẹni méjì lè mú òwú kan náà àti abẹ́rẹ́ kan náà, kí iṣẹ́ wọn má jọra.

Ẹ hun ègé onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó 15 cm, ojú gígùn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá gbé téèpù sí àárín rẹ̀, kí ẹ ka iye ojú tó wà nínú 10 cm. Àárín ni mo wí, torí etí máa ń fà sọ́tùn-ún sósì, kò ṣeé gbára lé.

Ká ní yíká àyà jẹ́ 92 cm. A ó fi 4 cm kún un kí aṣọ má lẹ̀ mọ́ ara: 96 cm. Iwájú gba ìdajì, 48 cm. Ẹ̀yìn gba ìdajì.

Bí ojú 16 bá wà nínú 10 cm: 48 × 1.6 = 76.8, ìyẹn ojú 77.

Bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le, tó ń rí ojú 18 nínú 10 cm, bá da 77 yìí kọ, aṣọ rẹ̀ kò ní ju bíi 85.6 cm lọ ní yíká. Kò ní wọlé. Bí ẹni tó ń rí ojú 15 bá lò ó, ó di nǹkan bíi 102.7 cm. Àpò ìrẹsì.

Híhun

Ẹ̀wọ̀n 79 ni ìpìlẹ̀. Ẹ fo ẹ̀wọ̀n mẹ́ta (wọ́n dúró fún ojú àkọ́kọ́), kí ẹ hun ojú gígùn sínú ìkẹrin. Bí a ṣe ń hun ún nìyí: ẹ wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ inú ojú, ẹ fa òwú jáde. Mẹ́ta ló wà lórí abẹ́rẹ́ báyìí. Ẹ fa òwú la méjì kọjá, ẹ tún fà á la méjì tó kù kọjá. Bí ìlà bá parí, ẹ yí iṣẹ́ padà, ẹ hun ẹ̀wọ̀n mẹ́ta, ẹ máa lọ.

Ẹ ka ojú ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ojú tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, torí ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ni, kò jọ ojú. Ẹni tó ń gbàgbé rẹ̀, aṣọ rẹ̀ á máa tín-ín-rín lọ sókè bí abẹ̀bẹ̀ tí a dojú dé.

Bí ìlà 8 bá jẹ́ 10 cm, ìlà 40 yóò fún wa ní 50 cm. Ẹ hun méjì bẹ́ẹ̀. Ẹ so èjìká pọ̀, ojú 22 lápá ọ̀tún, 22 lápá òsì. 33 tó kù láàárín ni ọrùn. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé 30 cm, kí 20 cm tó kù di ihò apá. Kò sí gígé, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ìyẹn dúró de ọjọ́ mìíràn.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ló dé tí a fi ń fọ ègé ìdánwò ká tó wọ̀n ọ́n?
2. Yíká àyà Bísí jẹ́ 88 cm, ó fẹ́ fi 4 cm kún un, ojú 15 ló ń rí nínú 10 cm. Ojú mélòó ni iwájú aṣọ rẹ̀ yóò gbà?
3. Ìwé àpẹẹrẹ kan láti Britain sọ pé kí a hun double crochet. Ṣé ojú kúkúrú ni tàbí ojú gígùn?

Iṣẹ́ àmúrelé

Ẹ mú ègé ìdánwò yín wá ní ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta nínú ìwé: ojú inú 10 cm, ìlà inú 10 cm, àti yíká àyà yín. Ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ Àìkú kí ẹ tó fọ̀ ọ́. N kò ní wọn ègé tútù.