GBÌN ÍN SÍBI TÍ O Ń GBÉ

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 29:4-10, Jákọ́bù 5:7

Olùfẹ́, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní Magodo, nínú oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, o mọ bí òórùn ilẹ̀ ṣe máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa nídìí àdúrà òwúrọ̀. Àwọn baba wa kì í gbọ́ òórùn yẹn kí wọ́n jókòó. Ọkọ́ ni wọ́n máa ń wá. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni ìwọ ti ń gbọ́ ọ, tí o sì ń sọ pé, "Ilé yìí kì í ṣe tèmi. Bí mo bá kọ́ ilé tèmi, màá ṣe ọgbà ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé"?

Àwọn tí Nebukadinésárì kó ní ìgbèkùn láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì ni Jeremáyà kọ lẹ́tà orí 29 yìí sí. Wọn kò fẹ́ràn ibi tí wọ́n wà. Bí o bá ka orí 28, wàá rí Hananáyà tó dìde ní Jerúsálẹ́mù, tó ní ọdún méjì péré ni, ohun gbogbo á padà sípò. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n ta ni í gbin nǹkan sí ibi tó ti gbà pé òun ń kúrò? Jeremáyà ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n ṣe ọgbà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀, nítorí àádọ́rin ọdún ni. Kíyè sí i pé lẹ́tà náà kò ní kí wọ́n dúró títí ilẹ̀ yóò fi di tiwọn.

Wo Mile 12 tó wà nítòsí wa. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tòmátì àti ata tí a ń rà níbẹ̀ ti ń wá. Ní 2016, kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde ipò pàjáwìrì, owó tòmátì sì fò sókè ní Èkó. Ní ìparí oṣù kejì 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dáwọ́ dúró, wọn kò kó ẹrù wá sí gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan. Àwa tí a ń se ọbẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yìnkùlé rẹ kò lè di Mile 12, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́, efinrin àti ata rodo díẹ̀ kò yẹ kó máa dúró de mọ́tò.

Kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Nínú Àwọn Ọba Kìíní 21, Áhábù náà fẹ́ ọgbà ẹ̀fọ́ tí yóò súnmọ́ ilé rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé kò lè gbà nígbà tí Nábótì ní rárá. Bí onílé rẹ bá ní rárá, tàbí tí íńtálọ́ọ̀kì bá ti bo gbogbo ilẹ̀, wá àpò ìrẹsì tó ti ṣófo. Lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde, kí o sì fi iyẹ̀pẹ̀ dúdú àti ajílẹ̀ kún un.

Bí ilẹ̀ bá wà, wá ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, tó jìnnà sí sọ́kàwéè àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Ilẹ̀ Magodo dà gẹ̀rẹ́ níbi púpọ̀, nítorí náà kọ ebè rẹ dábùú gẹ̀rẹ́ náà. Bí o bá kọ ọ́ tẹ̀lé ọ̀nà omi, òjò oṣù kẹfà á gbá irúgbìn rẹ lọ sínú gọ́tà. Ìgbẹ́ adìẹ dára, ṣùgbọ́n kí ó ti pẹ́, kó ti jẹrà. Èmi da tútù sí tèmi lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì jó gbogbo ẹ̀fọ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó mi kò tíì gbàgbé.

Tẹ̀tẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbà. Èso rẹ̀ kéré, nítorí náà pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí o tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù jọ síbì kan. Èso ewédú le lẹ́yìn. Bí o bá gbìn ín lásán, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù. Dì í sínú aṣọ, rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ka ení dé ààrún, yọ ọ́, fi omi tútù sí i, kí o sá a. Ata rodo, ibi ìtọ́jú kékeré ni kí o ti kọ́kọ́ hù ú, kí o tó lọ́ ọ sórí ebè. Má fi tòmátì dánra wò lásìkò yìí; òjò ńlá kì í jẹ́ kó ṣe dáadáa.

Bí òjò bá dákẹ́ lẹ́yìn àkọ́rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe, bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí o bá sì pẹ́ jù, Jákọ́bù sọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tó ń dúró de àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Lẹ́yìn ìdákẹ́ oṣù kẹjọ, òjò oṣù kẹsàn-án ṣì ń bọ̀.

Ní ti ewúro, kò ní èso tí o fẹ́ gbìn. Gé igi rẹ̀ tó gbó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, rì í mọ́lẹ̀ ní ìdábùú díẹ̀, kó fi ojú méjì tàbí mẹ́ta hàn. Ọdún tí onílé bá ní kí o kó jáde, gé igi mẹ́ta dání.

ÀDÚRÀ: Bàbá, fún mi ní ojú rere lọ́dọ̀ onílé mi, kí O sì bùkún ohun tí mo bá gbìn sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tèmi.

ṢE ÈYÍ LÓNÌÍ: Kí o tó lọ síbi iṣẹ́, dé ẹ̀yìnkùlé, kí o wo ibi tí oòrùn kọ́kọ́ kàn.