Ẹni Tó Dákẹ́ àti Ẹni Tí Kò Béèrè

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò ní jókòó ti àlàyé òwe yìí. Ọmọdé wa gan-an mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú mi rántí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ ìlú rẹ̀ kan ló gbà á sílé, nígbà tó yá, ẹni náà ní kí ó máa lọ nítorí pé àwọn ọmọ fẹ́ gba yàrá. Bàbá kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó dúpẹ́, ó jáde. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, inú bọ́ọ̀sì òru ló ń sùn. Á wọ ọ̀kan dé ibi tó ń parí sí, á tún wọ òmíràn padà. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á fá irùngbọ̀n, á wọ kóòtù, á jókòó sí àyè rẹ̀. Bí a bá bi í pé, "Bàbá, ṣé dáadáa ni?" á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ìgbà tí òtútù mú un láyà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì wá ń béèrè ilé tí wọn yóò dá a padà sí, ìgbà yẹn ni a tó mọ̀ pé kò nílé.

Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kì í ṣe bàbá ni mo ń bínú sí. Òwe kejì tí a gbé bọ̀ láti ilé ni, èyí tó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òun ló di bàbá lẹ́nu. Òun náà ló ń di ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu: obìnrin tí ọkọ lé jáde tó ń sùn nínú mọ́tò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé tán mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí náírà já wálẹ̀, ọmọkùnrin tó ń ti ilé ọ̀rẹ́ kan bọ́ sí ti òmíràn, tó sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé nǹkan ń lọ geere. Nílé, ẹni tó dákẹ́ lè má ṣègbé, nítorí pé agboolé ní ojú. Ìyá kan á rí i pé ẹ ò jẹun, ẹ̀gbọ́n kan á ní kí ẹ wá tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin ló dípò agboolé fún ẹni tí kò lárá, òfin kò sì ní ojú. Etí ló ní. Ohun tí ẹ bá sọ fún un, pẹ̀lú ìwé tí ẹ bá fi tì í lẹ́yìn, nìkan ni yóò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí etí náà ń gbọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ilé gbígbé ti ọdún 1996 ló gbé ọ̀rọ̀ aláìnílé lé káńsù lọ́wọ́, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2017, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2018, wá sọ pé bí ó bá ti ku ọjọ́ 56 kí ilé bọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, káńsù gbọ́dọ̀ ti máa bá a wá ọ̀nà àbáyọ. Ọjọ́ 56 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wa kì í lọ àfi bí ẹrù bá ti wà lójú títì, bóyá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí òṣìṣẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní àwọn ṣì ń gbàdúrà sí i. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ láàárọ̀ kùtù ọjọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ pé ilé fẹ́ bọ́. Bí ó bá sì jẹ́ alẹ́ ni ọ̀ràn ká yín mọ́, káńsù ní nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn tí ọ́fíìsì bá ti tì. Ẹ tún mọ̀ dájú pé kì í ṣe ẹni tó tẹ́ páálí sí ẹ̀gbẹ́ títì nìkan ni òfin ń pè ní aláìnílé. Ẹni tó ń sùn lórí àga ọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ sì ti ní kí ó jáde, aláìnílé ni òfin ka òun náà sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń fi ìwà ọmọlúwàbí ba ọ̀ràn ara wa jẹ́. Onílé bú wa lẹ́ẹ̀kan, a ti kó ẹrù, kí aládùúgbò má baà gbọ́ ariwo. Òfin sì wí pé ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò níbi tó ṣì lè gbé, ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ara rẹ̀ di aláìnílé ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ á sì dínkù gidigidi. Nítorí náà, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má kúrò títí ẹ ó fi gba ìmọ̀ràn. Òfin ọdún 1977 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí onílé yí kọ́kọ́rọ́ padà mọ́ ayálégbé lórí tàbí kí ó da ẹrù rẹ̀ síta. Ilé ẹjọ́ ló ń lé irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹni tó gba yàrá nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé kò ní ààbò tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sáà ti fún un ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó bọ́gbọ́n mu ni. Òun gan-an ló yẹ kí ó tètè sáré.

Èyí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ gba lẹ́tà. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fi ọjọ́ sí i, kí ó fọwọ́ sí i. A máa ń rò pé ìwọ̀sí ni láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe wá lóore. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ̀yin náà tí ẹ gba ènìyàn sílé, tí agbára yín ò gbé e mọ́, ẹ má bínú bí ó bá béèrè. Ẹ kọ ọ́ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ jìnnà díẹ̀. Lẹ́tà yẹn lè ṣe é ní àǹfààní ju oṣù tó lò lọ́dọ̀ yín lọ.

Bí ẹ bá dé káńsù, gbólóhùn méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ: pé ẹ ò ní ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ òní, tàbí ọjọ́ tí ilé máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, àti pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gba ìbéèrè yín gẹ́gẹ́ bí aláìnílé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí ẹ dé Ìlú Ọba. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó fi yín sínú àwọn tí òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn: obìnrin tó lóyún, ẹni tó ní ọmọ kékeré lọ́dọ̀, ẹni tó sá fún ìlùkulù nínú ilé, ọmọ ọdún 16 tàbí 17, ẹni tí iná tàbí omíyalé lé jáde, ẹni tí ọjọ́ ogbó, àìsàn tàbí àárẹ̀ ọpọlọ sọ di ẹlẹgẹ́. Bí ó bá ti jọ pé ẹ kò nílé, tí ẹ sì wà nínú wọn, tí ìwé ìgbélùú yín sì gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi tí ẹ máa sùn sí fún yín nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí. Orí tábìlì òṣìṣẹ́ káńsù ni "A dúpẹ́" ti ń pa wá. Òṣìṣẹ́ bi bàbá kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà pé báwo ni ara, bàbá náà ní ara le koko. Ohun tí òṣìṣẹ́ máa kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ kó oògùn yín dání. Ẹ mú lẹ́tà dókítà. Ẹ sọ iye alẹ́ tí ẹ kò fi sùn.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè ṣe nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ tí ìwé ìpinnu náà bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ní ọjọ́ 21 láti béèrè àtúnyẹ̀wò. Ẹ pe Shelter, ẹgbẹ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1966, lórí 0808 800 4444, tàbí kí ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbaninímọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní Citizens Advice.

Ti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí físà rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba yàtọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó sínú ewu. Ìrànlọ́wọ́ tí káńsù ń ṣe fún aláìnílé wà lára owó ìjọba tí wọ́n ń sọ. Kí ó kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ láti gbani nímọ̀ràn lórí ìgbélùú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òfin ọdún 1989 lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé gba káńsù láàyè láti wá ilé fún ọmọ náà pẹ̀lú òbí rẹ̀, ìyẹn kò sì sí lára owó tí físà kọ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ní irú físà yìí, tí ìyà ti wá fẹ́ pa wọ́n, sì lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ìdè náà kúrò.

Títí dé ibi tí mo bá a dé yìí, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òwe wa ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ mú ọmọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò tíì bímọ. Kò dákẹ́. Ó tètè lọ, ó mú lẹ́tà dání. Káńsù á gba ìbéèrè rẹ̀, wọ́n á kọ ètò tí wọn yóò fi bá a wá ilé sínú ìwé, ṣùgbọ́n òfin kò sọ ọ́ di dandan kí wọ́n fún un ní ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìsùn pàjáwìrì ni kì í sì gba ẹni tó bá kàn rìn wá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yí ìgboro ká lóru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a níbi tó sùn sí. Àkọsílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní CHAIN fi hàn pé láàárín oṣù kẹrin 2024 sí oṣù kẹta 2025, ènìyàn 13,231 ni wọ́n rí tó ń sùn níta ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti ọdún tó ṣáájú jẹ́ 11,993. Àwọn tí wọ́n rí nìyẹn o. Obìnrin tó ń rìn títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí ẹ̀rù, àti ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣòro kí wọ́n wọ inú iye yẹn.

Ẹ tún rántí oṣù kẹta ọdún 2020. Àrùn kòrónà dé, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí àwọn káńsù pé kí wọ́n kó gbogbo ẹni tó ń sùn níta wọlé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì tí kò rí àlejò gbà mọ́ ti di ilé fún wọn. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kìíní 2021, ètò náà ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn tó lé ní 37,000. Kí ni àwọn aláìnílé sọ nínú oṣù kẹta yẹn tí wọn ò tíì sọ nínú oṣù kejì? Kò sí. Ẹni tó yẹ kí ó gbọ́ ló la etí. Òwe wa kó gbogbo ẹ̀bi lé ẹni tó dákẹ́ lórí, kò bá ẹni tó di etí wí.

Nítorí náà, àwa tí a nílé ni mo fẹ́ fi ìyókù bá wí. "Ṣé dáadáa ni?" kì í ṣe ìbéèrè lẹ́nu wa mọ́, "A dúpẹ́" ti wà nílẹ̀ kí a tó bi í tán. Ẹ béèrè ohun tí "A dúpẹ́" kò lè dáhùn: "Bàbá, níbo lẹ sùn lánàá?" "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni kọ́kọ́rọ́ ilé tí ẹ wà?" Ẹ béèrè ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn ìsìn, kí ojú má ti ẹni náà.

Ẹni tí ẹ bá rí tó sùn síta, ẹ fi tó StreetLink létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ òru. Ẹ má kàn kọ pé "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀." Ẹ sọ ẹnu ọ̀nà wo, aago mélòó ló ń wá dùbúlẹ̀, aṣọ tó wọ̀, ọkùnrin ni tàbí obìnrin; ibi tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á kọjá lára rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ara rẹ̀ kò bá yá rárá, 999 ni kí ẹ pè. Bí ó bá jọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ọlọ́pàá ni. Lálẹ́ tí wọ́n bá sì ti sọ pé òtútù máa dé ojú òdo, káńsù Lọ́ńdọ̀nù a máa ṣí àfikún ibùsùn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì wo ti ìwé ìgbélùú lálẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ bá rí.

Ìwádìí kan láti Yunifásítì Roehampton ní 2013 ka ṣọ́ọ̀ṣì 240 tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ní agbègbè Southwark nìkan. Nínú irú ṣọ́ọ̀ṣì wa wọ̀nyí, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ń tan iná, a ń jẹ́ kí gbọ̀ngàn móoru, a ń ṣe ìṣọ́ òru. Lálẹ́ tó kù, a tì í pa. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kàn ṣílẹ̀kùn láìmúra sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ààbò obìnrin wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí a kọ́ àwọn tí yóò máa ṣọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń pa méje pọ̀, tí kálukú ń gba alẹ́ kan lọ́sẹ̀ nígbà òtútù. Kò sí ohun tó ní kí tiwa má lè ṣe é.

Kí oṣù kọkànlá tó wọlé, kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí gbogbo ìjọ mọ̀ pé àwọn ni kí a lọ bá bí ilé bá fẹ́ bọ́. Kí àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà òru ti káńsù lọ́wọ́, kí wọ́n mọ agbẹjọ́rò kan, kí wọ́n sì múra tán láti bá ẹni tí ìtìjú ń dí lẹ́nu dé orí tábìlì òṣìṣẹ́, kí wọ́n bá a sọ ọ́.